Ọwọ́ Àgbà Nínú Iṣẹ́ Tinúadé

Fèrè aago mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni, gbogbo òbí sì ti jáde sójú títì Arárọ̀mí-Òkè. Ìyá, bàbá, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tó ti kúrò lọ́mọdé: nínú ilé tí ọmọ ilé-ìwé bá wà, àgbà kan ò gbọdọ̀ sí lábẹ́ òrùlé títí aago mẹ́fà. Wọ́n jókòó sórí àga gbọọrọ tí ìjọba tò sábẹ́ àwọn páànù tó ń mu oòrùn. Ẹlòmíràn ń já ewé gbọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ń tòògbé. Bàbá kan ń tún okùn bàtà rẹ̀ so, ó sì ti so ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìbídùnní káfíńtà kò jókòó. Ó fẹ̀yìn ti ògiri ilé ara rẹ̀, ó na etí sí fèrèsé. Tinúadé ọmọ rẹ̀ ń kọrin nínú ilé. Odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi jẹ́ pé ẹkún ni ìyá yìí máa ń gbọ́ ní irú wákàtí yìí, ẹkún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìṣirò ìdá ń fojú rẹ̀ rí màbo, tí ìyá sì dúró síta bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé, orin ni. Ìbídùnní ń rẹ́rìn-ín sínú nígbà tó rí ẹ̀ṣọ́ àṣetiléwá tó ń bọ̀ láti òkè títì, pẹ̀lú aṣọ eérú lọ́rùn àti wàláà pẹlẹbẹ lábẹ́ abíyá.

Àwọn tó wà lórí àga wo ara wọn. Kálukú ń gbàdúrà kó kọjá ilé òun.

Iwájú Ìbídùnní ló dúró sí. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí Tinúadé?"

"Èmi ni mo bí i. Kí ló dé?"

"Akínfẹ́nwá lorúkọ mi, láti Ọ́fíìsì Àṣetiléwá." Kò dúró kí ó fèsì. Ó fi ìka kan wàláà rẹ̀, wàláà sì la ohùn, ohùn obìnrin tó mọ́ gaara, tó dé òpin títì:

"Ọmọ: Tinúadé Adéògún. Iṣẹ́: ìdá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn: méjì nínú mẹ́wàá. Ọjọ́ Ajé yìí: mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Àbájáde: ọwọ́ àgbà wà níbẹ̀."

Orin dákẹ́ nínú ilé. Ìyá Kóyèjọ tó jókòó sítòsí fa igbá gbọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ra, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà lè ràn mọ́ ọn.

"Ọwọ́ àgbà wo?" Ìbídùnní bi í. "Níbí lèmi wà lọ́jọ́ Ajé. Gbogbo àwọn tó jókòó yìí rí mi. Ẹ bi wọ́n léèrè."

Ìyá Kóyèjọ padà sórí ewé rẹ̀, bàbá kan sì tún tẹjú mọ́ okùn bàtà rẹ̀.

"Mà, kì í ṣe ẹnu mi lọ̀rọ̀ wà. Olùgbọ́ ló sọ ọ́." Ó nawọ́ sí àpótí kékeré tí wọ́n kàn mọ́ òkè ilẹ̀kùn, irú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ọlọ́mọ, tí ojú pupa rẹ̀ kì í sùn. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé méjì yọ. "Ẹ ó tẹ̀ka sí ọ̀kan níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ èyí, ọmọ jí ìdáhùn wò níbì kan. Yóò padà sí kíláàsì ẹ̀yìn, wọn yóò sì kọ ọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀ pé ó jíwèé wò, títí yóò fi jáde. Bí ẹ bá tẹ ìkejì, ẹ̀yin lẹ ràn án lọ́wọ́. Yóò lọ gbé ní Ilé Àdákọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Ẹ lè lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti ẹ̀yìn gíláàsì."

Ìbídùnní wo ìwé méjèèjì. Kí ó pe ọmọ tí kò jalè ní olè, tàbí kí ó gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fún ilé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni léèrè.

"Bí mi ò bá tẹ ọ̀kankan ńkọ́?"

"Ìgbìmọ̀ yóò pè yín. Lọ́la, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nílé-ìwé."

"Ó dáa. Gbé ìwé rẹ." Kò mọ̀ pé òun ti pa 'ẹ' tì. "Gbé e kúrò lójú mi kí n tó fà á ya."

Nígbà tí Akínfẹ́nwá lọ tán, Ìbídùnní yíjú sí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Kò lè wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló kù. Ó ń gbọ́ bí Tinúadé ṣe ń fa imú lẹ́yìn fèrèsé, kò sì gbọdọ̀ wí pé "pẹ̀lẹ́."

Ó kọjá sí ìsọdá títì, níbi tí Bàbá Oyèlárán jókòó sí lórí àga onípákó tí Ìbídùnní fúnra rẹ̀ kàn fún un. Tíṣà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀. Òun wà nínú àwọn mẹ́fà tó kọ Òfin Ọwọ́-Ọmọ, òfin tó ń lé àwọn òbí síta yìí, ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn.

"Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá?"

"Mo gbọ́." Ojú rẹ̀ le. "Ṣé o ràn án lọ́wọ́?"

"Mo fún un ní ayùn ni."

"Ayùn kẹ̀?"

"Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbé pákó mẹ́ta fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Mo ní, 'Gé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ fún mi, pẹpẹ ìwé rẹ la fẹ́ fi ṣe.' Ó ba àkọ́kọ́ jẹ́. Ó ba ìkejì jẹ́. Ó jókòó sórí lẹ́búlẹ́bú igi, ó sunkún. Mi ò sọ iye tí yóò gé fún un, Bàbá. Mo kàn ń bi í pé, 'Bó o bá pín in sọ́nà mẹ́rin, ibo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dé?' Ó gé ìkẹta, ó sì gbà á. Ẹ ì bá rí ojú rẹ̀! Ó sáré yí ṣọ́ọ̀bù po."

Bàbá Oyèlárán mi orí lọ́nà tí Ìbídùnní ò fẹ́ràn.

"O mọ̀dí tí a fi ṣòfin yẹn," bàbá náà wí. "Àwọn olówó ra ẹ̀rọ tó ń ṣe àṣetiléwá fún ọmọ wọn. Ọmọ á sùn, ẹ̀rọ á kọ̀wé. Bámidúró ọmọ mi ń fi ojú ara rẹ̀ kàwé títí ojú fi ń dùn ún, ó gba ọgọ́rin. Ọmọ tí kò mọ̀ ju kó jẹun lọ gba ọgọ́rùn-ún, òun ni wọ́n fún ní àyè ìṣègùn. Ṣé o mọ ohun tí Bámidúró ń ṣe lónìí? Ó ń gbẹ́ kòtò fún odi òkun. Mo bínú nígbà náà, Ìbídùnní. Mo ṣì ń bínú."

Ìbídùnní mọ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí òfin náà dé. Aṣọ ni ìyá rẹ̀ ń fọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, kò mọ lẹ́tà kan nínú ìwé, ìdílé wọn ò sì ní ẹ̀rọ kankan. Ọdún tí wọ́n lé àwọn òbí síta lọdún tí òun kọ́kọ́ gbapò kìíní. Bí kì í bá ṣe òfin yẹn, kò ní mọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ igi rí. Òtítọ́ yẹn gan-an ló wá ń dá a lóró, nítorí kò lè ṣépè fún òfin náà kó má ṣépè fún ara rẹ̀.

"Ìyá mi ì bá ti ràn mí lọ́wọ́ ká ní ó mọ̀ ọ́n," ó wí. "Ó máa ń jókòó tì mí ni. Ó máa ń ní, 'Kà á kí n gbọ́.' Kò yé e, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń kà á fún un, á yé mi. Nígbà tí ẹ lé e síta, mo gbapò kìíní lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi ò bi mí léèrè ìwé mọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Títí ó fi kú, Bàbá, ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan la jọ ń sọ."

Bàbá Oyèlárán gbójú sílẹ̀. "Mo wà lórí ìgbìmọ̀ lọ́la. Kò yẹ kí n bá ọ sọ ọ́."

"Ẹ ti gbọ́ ọ ná."

*

Yàrá ìgbìmọ̀ tutù bí omi àmù, nítorí pé ilé-ìwé nìkan ni wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ tútù lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹ́ta ni adájọ́. Ìyáàfin Ládélé, ọ̀gá ilé-ìwé, jókòó láàárín. Bàbá Oyèlárán wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Lórí àga kẹta, wọ́n gbé Olùgbọ́ ńlá kan sí, àpótí dúdú tí wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́ ìdí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbé àlejò jókòó. Akínfẹ́nwá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tinúadé jókòó ti ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Adéògún bàbá rẹ̀ wà létí òkun níbi iṣẹ́ odi. Ìdáhùn rẹ̀ kò lè tó wọn lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ kẹta.

"Ìyá Tinúadé," Ìyáàfin Ládélé bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ìbéèrè keje ni Olùgbọ́ tọ́ka sí. Wọ́n ní pákó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, kí wọ́n gé e sí mẹ́rin ọgbọọgba, báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe gùn tó? Ọmọ yín kọ 'ẹsẹ̀ méjì.' Ó gbà á. Ṣùgbọ́n ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé..." Ó gbé wàláà sún mọ́ ojú. "'Kò ní pé méjì gan-an, torí ayùn máa ń jẹ igi.'"

"Kò sí gbólóhùn yẹn nínú ìwé kankan tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń kà," Olùgbọ́ wí, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Gbólóhùn àgbà ni."

"Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ ẹ́!" Tinúadé wí. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó bojú wo ìyá rẹ̀ bóyá kí òun dákẹ́, kò sì dákẹ́. "Bí ẹ bá gé igi, ibi tí ayùn gbà kọjá á di lẹ́búlẹ́bú. Ó fẹ̀ tó báyìí." Ó fi ìka méjì hàn wọ́n, tí àyè díẹ̀ wà láàárín wọn. "Tí ẹ bá gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó máa ń dín kù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fojú ara mi rí i."

"Ta ló fi hàn ọ́?" Ìyáàfin Ládélé bi í, ohùn rẹ̀ rọ̀.

Ìbídùnní ti rí ọ̀fìn náà. Ó na ọwọ́ lé itan ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi ìdùnnú sọ̀rọ̀ kì í rí ọ̀fìn.

"Màámi ló kọ́ mi."

"Ó ti jẹ́wọ́," Olùgbọ́ wí. Àwòrán ìwé kejì tan ìmọ́lẹ̀ lójú gíláàsì tábìlì.

Ìbídùnní dìde. Àga rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn.

"Ta ló jẹ́wọ́? Ọmọ sọ pé ìyá òun kọ́ òun, ẹ pè é ní ìjẹ́wọ́? Kí lẹ fẹ́ kí ìyá ṣe fọ́mọ nígbà náà? Kí n fún un lóúnjẹ, kí n wẹ̀ ẹ́, kí n di irun rẹ̀, kí n wá di odi bó bá bi mí pé kí nìdí tí igi fi kúrú? Ìyáàfin Ládélé, ẹ bímọ o! Ẹ sọ fún mi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rìn, ta ló dì í lọ́wọ́ mú? Ṣé ọwọ́ àgbà ò sí níbẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ẹ ka ohun tó wà nínú ìwé yín yẹn sétígbọ̀ọ́ mi."

Ọ̀gá ilé-ìwé kà á, ó lọ́ra: "'Èmi òbí gbà pé mo bá ọmọ mi ṣe iṣẹ́ rẹ̀.'"

"Mi ò bá a ṣe é! Ẹ pa á rẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo kọ́ ọ. Ẹ kọ pákó mẹ́ta síbẹ̀, ẹ kọ méjì tó bàjẹ́ àti ẹkún tó sun. Bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n ó tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i."

"Kò sí àyè fún ìyẹn," Olùgbọ́ wí. "Jíjí wò àti bíbá ṣe ló wà."

Bàbá Oyèlárán ti ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbójú sókè wàyí.

"Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ìyáàfin Ládélé wò ó. "Kí ló wà níbẹ̀, sà?"

"Kíkọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ òfin yìí, ìlà mẹ́ta ló wà nínú ìwé. Ìlà kẹta sọ pé òbí tó bá kọ́ ọmọ rẹ̀, tí kò bá a ṣe é, kò jẹ̀bi. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ yìí dé. Àwọn tó ṣe é ní kò lè dá ẹni tó ń kọ́ni mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń báni ṣe é. Wọ́n ní ká yọ ìlà náà, kí iṣẹ́ lè yá." Ó gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan, omi inú ife fò síta. "Mo bu ọwọ́ lù ú. Èmi Oyèlárán. Mo ń bínú sí àwọn olówó débi pé mi ò wo ẹni tí mo ń lù mọ́. Mo dá obìnrin yìí láre. Kí ọmọ rẹ̀ máa lọ sílé."

Ìyáàfin Ládélé wo Tinúadé, ó wo àpótí dúdú, ó wo ilẹ̀kùn níbi tí Akínfẹ́nwá ti ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

"Bí mo bá dá a láre lónìí," ó wí nígbẹ̀yìn, "ọ̀la ni àwọn olówó yóò ní àwọn náà ń kọ́ ọmọ wọn. Mo tẹ̀lé ìwé." Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Mo tẹ̀lé ìwé," Olùgbọ́ wí.

Méjì sí ọ̀kan. Ìwé kejì lọ sí iwájú Ìbídùnní. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, ìwé àkọ́kọ́ ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀, ọmọ òun yóò sì máa jẹ́ olè títí di ọjọ́ tó bá jáde ilé-ìwé. Ó tẹ̀ka sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ débi pé èékánná rẹ̀ ha ojú gíláàsì tábìlì.

*

Ọkọ̀ Ilé Àdákọ́ ti ń dúró nínú ọgbà ilé-ìwé, funfun, kò ní awakọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu. Wọ́n gbé àpò fún Tinúadé, aṣọ mẹ́ta àti wàláà tuntun ló wà nínú rẹ̀. Oòrùn ń ta. Ìbídùnní kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Màámi, ṣé mo ṣe burúkú ni?"

"Rárá. O sọ òótọ́. Èmi náà sọ òótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni, n ó máa wá."

"Láti ẹ̀yìn gíláàsì."

"Láti ẹ̀yìn gíláàsì."

Tinúadé fi ìka kan wàláà tuntun náà, iṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ wò ó. Àgbá omi kan, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ ló kún. Wọ́n bu ogún lítà, ó ku ìdajì àgbá. Lítà mélòó ni àgbá náà ń gbà? Kò yé mi, Màámi. Wọn ò sọ bó ṣe tóbi tó."

"Ẹ má dá a lóhùn o," Akínfẹ́nwá wí lẹ́yìn wọn. Wàláà ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké fín-ín, fín-ín, fín-ín.

Ìbídùnní yíjú sí i. Ohun tó wà lójú rẹ̀ mú kí ọ̀dọ́kùnrin náà sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Ọmọ mi bi mí léèrè ọ̀rọ̀," ó wí. "Ó ń lọ síbi tí kò ti ní rí mi fún oṣù kan. Ṣé o fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yìn mi ló rí kẹ́yìn?"

Ó yí padà. Ó fi ìka fa ìlà gígùn kan sórí iyanrìn ọgbà.

"Àgbá rẹ nìyí. Ibo ni omi dé kí wọ́n tó bù ú?"

Tinúadé pín ìlà náà sí márùn-ún, ó tọ́ka sí ìkẹta.

"Ibo ló wà nígbà tí wọ́n bù ú tán?"

Ọmọ náà fi ìka wá àárín ìlà. Kò bọ́ sórí àmì kankan. Ó pa ojú pọ̀. Wàláà Akínfẹ́nwá ń ké, ọkọ̀ ń sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé," àwọn ọmọ ti kún ojú fèrèsé kíláàsì, wọ́n ń wòran. Ìbídùnní kò sọ̀rọ̀. Ó dúró. Bàbá Oyèlárán ti jáde síta, ó sì lọ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ dí i kó má baà tì.

"Márùn-ún kéré," Tinúadé wí lójijì. "Kí n pín in sí mẹ́wàá." Ó fa àmì sáàárín àwọn àmì. "Omi wà níbi mẹ́fà. Ó padà sí márùn-ún. Ọ̀kan ló lọ." Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ là kedere. "Ọ̀kan yẹn ni ogún lítà! Mẹ́wàá ló wà, Màámi. Igba! Igba lítà ni!"

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ìbídùnní gbá a mọ́ra, ó sì gbé e wọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá Oyèlárán yọ ọ̀pá. Ilẹ̀kùn tì. Ọkọ̀ yí po, ó gba ẹnubodè jáde, ọwọ́ kékeré kan sì ń jù nínú fèrèsé ẹ̀yìn títí igi máńgòrò fi bò ó.

Kò sunkún. Ó gbọn iyanrìn orúnkún rẹ̀ nù, ó rìn lọ bá Akínfẹ́nwá, tó ń fi ìka kọ̀wé kíákíá sójú wàláà rẹ̀.

"Ṣé o ti kọ ọ́ tán?"

"Mà, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Iṣẹ́ mi ni."

"Mi ò ní kó o má kọ ọ́. Jẹ́ kí n rí orúkọ tó o kọ." Ó tẹjú mọ́ wàláà náà, ó kà á. "Ìbídùnní Adéògún. Fi káfíńtà kún un. Fi nọ́ńbà ilé mi kún un, mẹ́rìnlélógójì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ ṣi ìyá ẹlòmíràn mú."